Bí Ilẹ̀ Kò Bá Mọ́, Ẹyin Kò Lè Mọ́

Ọ̀rọ̀ kan ti gbilẹ̀ láàárín àwọn tí ń sin adìyẹ ní ẹ̀yìnkùlé, láti Èkó títí dé Accra. Wọ́n ní kí olúkúlùkù padà sí ọ̀nà àwọn baba ńlá: kí ó jáwọ́ nínú oògùn òyìnbó, kí ó má fín kẹ́míkà sórí ilẹ̀, kí ó ṣí àgò ní òwúrọ̀ kí adìyẹ lè jáde lọ wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, òtítọ́ sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ààbọ̀ òtítọ́ a máa ṣe ènìyàn ní ibi ju irọ́ pátápátá lọ, nítorí ẹni tí ó bá mọ irọ́ ní irọ́ yóò sá fún un. Ní Abossey Okai àti àdúgbò rẹ̀ ní ìlú Accra, ilẹ̀ tí adìyẹ ń fi ẹsẹ̀ ha kì í ṣe ilẹ̀ àwọn baba ńlá mọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ sin adìyẹ láìlo kẹ́míkà níbẹ̀, ohun tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bèèrè ni irú kẹ́míkà tí ó ti wọ inú ilẹ̀ náà kí adìyẹ tó dé ibẹ̀.

Accra kì í ṣe ìlú àjèjì sí ọmọ Yorùbá. Àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, láti Ọ̀ffà àti láti Ìlọrin ti ná ọjà Gánà fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún kí ìjọba Busia tó pàṣẹ, ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, pé kí àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ fi orílẹ̀-èdè náà sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ padà sílé nígbà náà. Àwọn mìíràn dúró, àwọn mìíràn sì tún ti lọ láti ìgbà náà wá. Nítorí náà, ohun tí ó bá ń ṣẹlẹ̀ ní àgbàlá ilé ní Accra, ọ̀rọ̀ ará ilé ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ará òkèèrè.

Ẹni tí ó bá ti tún ọkọ̀ ṣe rí ní Gánà yóò ti gbọ́ orúkọ Abossey Okai. Ibẹ̀ ni ojúkò páàtì ọkọ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà: ẹ́ńjìn tòkunbọ̀, gíá, ilẹ̀kùn, iná ọkọ̀, ohun gbogbo tí ó wà lára ọkọ̀ ni ènìyàn lè rí rà níbẹ̀. Òwò tí ó gbayì ni, ó sì ń bọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé. Ṣùgbọ́n ibi tí ọkọ̀ àlòkù bá pọ̀ sí, ọ́ìlì dúdú a máa kán sílẹ̀ níbẹ̀, bátìrì tí ó ti kú a máa kó jọ síbẹ̀, irin tí kò wúlò mọ́ a sì máa wá ibi tí yóò gbà. Agbogbloshie kò jìnnà sí Abossey Okai rárá. Ẹ̀bá odò Odaw ni ó wà, odò tí ń ṣàn lọ sínú ọ̀sà Korle. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tú àjákù ọkọ̀, fìríìjì, tẹlifíṣọ̀n àti kọ̀ǹpútà, tí àwọn ọ̀dọ́ sì ń dáná sun wáyà kí ike ara rẹ̀ lè jó kúrò, kí bàbà inú rẹ̀ lè di títà. Ní ọdún 2013, àjọ Blacksmith Institute ka ibẹ̀ mọ́ àwọn ibi mẹ́wàá tí ìdọ̀tí olóró ti ba jẹ́ jùlọ ní gbogbo ayé.

Ẹyin kan ṣoṣo

Ní ọdún 2019, àwọn ẹgbẹ́ IPEN àti Basel Action Network gbé àbájáde àyẹ̀wò kan jáde. Ẹyin adìyẹ tí ń jẹ káàkiri ní Agbogbloshie ni wọ́n kó lọ sí ilé àyẹ̀wò. Wọ́n rí i pé bí àgbàlagbà bá jẹ ẹyin kan ṣoṣo nínú wọn, májèlé tí a ń pè ní dioxin tí yóò wọ inú rẹ̀ yóò tó ìlọ́po 220 ìwọ̀n tí àjọ EFSA, tí ń ṣọ́ oúnjẹ ní ilẹ̀ Yúróòpù, gbà pé ara lè gbà lóòjọ́. Kí òǹkàwé tún gbólóhùn náà kà. Kì í ṣe kéréètì ẹyin kan, kì í ṣe ẹyin ọ̀sẹ̀ kan. Ẹyin kan ṣoṣo ni.

Kò sí ìdí láti rò pé oògùn ni ó fa èyí, tàbí oúnjẹ ilé iṣẹ́. Adìyẹ tí ń wá jíjẹ mímu rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n, gẹ́gẹ́ bí adìyẹ ìyá àgbà. Bí ó bá jẹ́ pé àìlo oògùn nìkan ni ó ń sọ ẹyin di mímọ́, ẹyin wọn ì bá wà lára èyí tí ó mọ́ jùlọ ní Accra. Ibi tí ẹ̀kọ́ wà nìyí. Ohun tí adìyẹ jẹ nínú ilẹ̀ ni ó di ẹyin, kì í ṣe ohun tí olówó rẹ̀ kọ̀ láti fún un.

Bí ọ̀rọ̀ náà ti ń rí kò ṣòro láti yé ni. Ike tí wọ́n fi ń bo wáyà ní èròjà kan tí a ń pè ní chlorine nínú. Bí iná bá jó ike náà lórí bàbà, dioxin a ti ibẹ̀ jáde. Díẹ̀ nínú rẹ̀ a bá èéfín lọ, ìyókù a wà nínú eérú, gbogbo rẹ̀ a sì balẹ̀ nígbẹ̀yìn. Òjò kì í tètè fọ̀ ọ́ lọ, nítorí kì í yòrò sínú omi. Ọ̀rá ni ó fẹ́ràn. Adìyẹ ti ń ṣa oúnjẹ ń ṣa erùpẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Dioxin inú erùpẹ̀ náà a wọ inú ọ̀rá adìyẹ, láti ibẹ̀ a sì bọ́ sínú pupa ẹyin, nítorí inú pupa ni ọ̀rá ẹyin wà. Kò ní òórùn, kò ní adùn, kò ní ìkorò. Sísè kò lè mú un kúrò. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé ó tó ọdún 7 sí 11 kí ìdajì rẹ̀ tó jáde kúrò lára ènìyàn, pé ó lè fa àrùn jẹjẹrẹ, pé ó ń ba ọ̀ràn ọmọ bíbí àti ìdàgbàsókè ọmọ jẹ́, ó sì ń sọ agbára tí ara fi ń bá àrùn jà di aláìlágbára.

Àwọn àgbà a máa sọ pé adìyẹ ń jẹ ọkà, ó ń mu omi, ó ń gbé òkúta wẹ́wẹ́ mì, síbẹ̀ ó ní òun kò ní eyín. Ewúrẹ́ tí ó ní eyín, ṣé irin ni ó ń gbé mì? Àwọn tí ó pa òwe yìí kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí adìyẹ yóò máa gbé irin mì ní tòótọ́, pẹ̀lú òjé bátìrì àti eérú wáyà.

Eérú kan kò jọ èkejì

Ẹ jẹ́ kí á mú eérú fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ibẹ̀ ni àṣìṣe ti rọrùn jùlọ. Láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé ni àwọn ìyá ti ń da eérú sí ibi tí adìyẹ ti ń yíràá, kí kòkòrò ara rẹ̀ lè kú. Ọgbọ́n gidi ni. Eérú igi ìdáná a máa gbẹ kòkòrò wọ̀nyí títí wọn yóò fi kú, kò sì ní ewu fún ẹyin. Ṣùgbọ́n eérú tí ènìyàn bù láti ibi tí wọ́n ti sun táyà, ike tàbí wáyà kì í ṣe eérú ìyá àgbà. Bí wọ́n tilẹ̀ jọ ara wọn lójú, májèlé ni. Bákan náà ni pákó tí wọ́n ti fi oògùn pa kí ikán má bàa jẹ ẹ́: bí ó bá di ìyẹ̀ igi, tàbí tí ó di eérú, kò yẹ kí ó dé ọ̀dọ̀ adìyẹ. Ẹni tí ó bá kọ́ ọ̀nà àwọn baba ńlá ní orúkọ nìkan, tí kò kọ́ ìdí rẹ̀, yóò lo eérú burúkú pẹ̀lú ọkàn rere.

Èyí kò wá sọ ọ̀nà àtijọ́ di asán. Ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn àgbà ń ṣe ni ìmọ̀ òde òní ti fi ọwọ́ sí. Ewé dóńgóyárò tí wọ́n ń tẹ́ sí ibi tí àgbébọ̀ ti ń yé a máa lé kòkòrò. Ìkarahun ìgbín tí wọ́n lọ̀ kúnná a máa mú kí èèpo ẹyin le. Ní apá àríwá Gánà àti ní Togo, àwọn àgbẹ̀ a máa da ìkòkò tí wọ́n kó ìgbẹ́ màlúù àti koríko gbígbẹ sí dé orí ilẹ̀, kí ikán lè wọ inú rẹ̀, kí àwọn òròmọdìyẹ sì rí ẹran jẹ. Ìgbẹ́ adìyẹ tí ó ti jẹrà dáradára a máa sọ ilẹ̀ tí ó ti ṣá di ọlọ́ràá, láìra àpò ajílẹ̀ kan. Gbogbo ìwọ̀nyí dára, bí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣe é bá mọ́.

Ibì kan ṣì wà tí àwọn ọlọ́nà àtijọ́ ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé. Nígbà ọyẹ́, àrùn lúkúlúkú a máa gbá adìyẹ àdúgbò lọ bí ẹni fi ìgbálẹ̀ gbálẹ̀. Ata àti ewúro kò tíì ṣẹ́gun rẹ̀ rí. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ó ń ṣẹ́gun rẹ̀, àti èyí tí kì í ṣe abẹ́rẹ́ gan-an pàápàá: irú kan wà tí wọ́n ń pè ní I-2, tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Ọsirélíà ṣe fún adìyẹ ìbílẹ̀, tí ó lè fara da ooru, tí wọ́n sì ń kán sí ojú adìyẹ. Ilé iṣẹ́ NVRI ní Vom, lẹ́bàá Jos, ń ṣe é ní Nàìjíríà. Àjẹsára kì í ṣe májèlé, kì í sì í sọ ẹyin di aláìmọ́. Ẹni tí ó kọ̀ ọ́ nítorí pé òyìnbó ni ó mú un wá, tí ó sì jẹ́ kí adìyẹ rẹ̀ máa ṣa eérú wáyà jẹ, ó ti tì ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀rẹ́, ó sì ṣí fèrèsé fún olè.

Ohun tí onílé lè ṣe

Kí ni kí ará Abossey Okai, tàbí ará àdúgbò mìíràn tí ó jọ ọ́, ṣe? Kì í ṣe pé kí ó pa adìyẹ rẹ̀ tì. Ohun àkọ́kọ́ ni kí ó gbé adìyẹ kúrò lórí ilẹ̀. Àgò onípákó tí ó ga dé orúnkún tó, pẹ̀lú ìyẹ̀ igi mímọ́ tàbí koríko gbígbẹ nínú rẹ̀. Bí adìyẹ bá fẹ́ yíràá, kí wọ́n fi abọ́ kan tí ó kún fún erùpẹ̀ tí wọ́n bù láti ibi tí ó jìnnà sí títì àti sí ibi ìdáná àjákù, pẹ̀lú eérú igi díẹ̀, sí i. Kí àgbàdo, èérí àti èèpo gbágùúdá tí ó gbẹ jẹ́ oúnjẹ rẹ̀, kí wọ́n sì bu oúnjẹ náà sínú àwo, kì í ṣe sílẹ̀. Kí omi má ṣe wà nínú agolo tí wọ́n fi ṣe ọ́ìlì tàbí ọ̀dà rí.

Ní ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ó má ṣe wà ní ìhòhò. Ilẹ̀ tí koríko bò kì í tètè fẹ́ eruku sí ojú ọmọdé. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbin ẹ̀fọ́ ní irú àgbàlá bẹ́ẹ̀, kí ó kó erùpẹ̀ mímọ́ wá láti ibòmíràn, kí ó kó o sínú àpótí tàbí ebè tí ó ga. Ilá, ata àti tòmátì kì í fa òjé inú ilẹ̀ tó ewé àti àwọn ohun tí gbòǹgbò wọn jẹ́ jíjẹ. Ẹ̀fọ́ ewé, kí wọ́n fọ̀ ọ́ dáradára, nítorí eruku ni ó ń gbé òjé lé e. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sun táyà tàbí ike ní àgbàlá ilé.

Ohun tí ó wà lọ́wọ́ ìjọba

Ṣùgbọ́n ọ̀ràn yìí ju ti onílé nìkan lọ. Tálákà kò lè wẹ odò Odaw mọ́ pẹ̀lú abọ́. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 2015, nígbà tí òjò bo Accra tí iná sì sọ ní ilé epo kan ní Circle, ó lé ní 150 ènìyàn tí ó kú. Omi tí ó bá kún bẹ́ẹ̀ kì í mọ ààlà ilé. Ó ń kó ẹrẹ̀ àdúgbò kan lọ sí àdúgbò kejì, ilẹ̀ ẹni tí kò sun wáyà kan rí sì lè gba ìdọ̀tí ẹni tí ó sun ún.

Òfin kò ṣọ̀wọ́n. Ní ọdún 2016, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Gánà ṣe òfin tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 917 lórí ìdọ̀tí olóró àti àjákù ẹ̀rọ iná mànàmáná. Gánà àti Switzerland ni wọ́n jọ gbé àbá lọ sí ìpàdé àdéhùn Basel, tí àwọn orílẹ̀-èdè sì gbà wọlé ní ọdún 2022, pé àjákù ẹ̀rọ kankan kò gbọdọ̀ kọjá ibodè láìjẹ́ pé orílẹ̀-èdè tí ń gbà á ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025 ni àbá náà ti di òfin. Ohun ìyìn ni. Àmọ́ òfin inú ìwé kò pa iná kan rí.

Ní oṣù keje ọdún 2021, ìjọba wó ọjà àjákù Agbogbloshie palẹ̀. Ojú ibẹ̀ mọ́. Àwọn tí wọ́n lé kúrò kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, nítorí ebi kò tí ì fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n kó iná wọn lọ sí ibòmíràn. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń sun wáyà kì í ṣe ọ̀tá ìlú. Àwọn gan-an ni èéfín náà kọ́kọ́ ń pa. Ẹ̀rọ tí ń bó ike kúrò lára wáyà láìdáná ti dé Agbogbloshie láti ọdún 2014, ṣùgbọ́n iná yá ju ẹ̀rọ lọ fún wáyà tín-ínrín, ẹni tí ó sì ń wá owó oúnjẹ alẹ́ kò lè dúró. Bí ìjọba bá fẹ́ kí iná kú, kí ó mú kí wáyà tí wọ́n bó lówó lórí ju èyí tí wọ́n sun lọ, kí ó sì gba owó náà lọ́wọ́ àwọn tí ń kó ẹ̀rọ àlòkù wọ̀lú. Lílé tálákà kiri kì í wo ilẹ̀ sàn.

Kí ẹnikẹ́ni nílé má sì ṣe rò pé ti Gánà nìyẹn. Ọjà Ládipọ̀ wà ní Mushin, ọjà páàtì wà ní Gate ní Ìbàdàn, àjákù irin sì kún Òwódé Oníríń. Ní Ògíjo, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ ti ń yọ́ òjé láti inú bátìrì àlòkù, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 2025 fi hàn pé òjé ti wọ ara àwọn òṣìṣẹ́ àti ará àdúgbò, títí kan àwọn ọmọdé. Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá Dakar, láàárín oṣù kọkànlá ọdún 2007 àti oṣù kẹta ọdún 2008, ọmọdé 18 ni ó kú nítorí òjé bátìrì tí ó wà nínú erùpẹ̀ àdúgbò wọn.

Àwọn kan yóò ní, bí ẹyin ilé bá léwu, kí olúkúlùkù ra adìyẹ inú yìnyín tí ó ti òkè òkun wá. Ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn. Ní ọdún 2003, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Gánà gbé owó ibodè lórí adìyẹ òkèèrè láti ìdá 20 sí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún kí àwọn àgbẹ̀ ilé lè mí. Kò pẹ́ tí ìjọba dá òfin náà dúró, lẹ́yìn tí IMF ti dá sí i. Ẹni tí ó bá fi ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kí ó bàjẹ́, tí ó sì ń jẹ adìyẹ ẹlòmíràn, ó ti pàdánù lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Belgium ní ọdún 1999. Ọ̀rá tí dioxin wà nínú rẹ̀ bọ́ sínú oúnjẹ adìyẹ. Nígbà tí àṣírí tú, wọ́n kó adìyẹ àti ẹyin kúrò lórí àtẹ jákèjádò orílẹ̀-èdè náà. Mínísítà méjì kọ̀wé fi ipò sílẹ̀. Ní ìdìbò oṣù kẹfà ọdún náà, Dehaene, olórí ìjọba, kúrò lórí àléfà. Àwọn ará Belgium kò ka ẹyin sí ọ̀rọ̀ obìnrin ilé ìdáná nìkan. Wọ́n kà á sí ọ̀rọ̀ ìjọba, wọ́n sì fi ìbò dáhùn.

Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ gbé síwájú ẹnikẹ́ni tí ó bá wá tọrọ ìbò, yálà ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta tàbí ní Accra. Ta ni yóò yẹ ilẹ̀ àdúgbò tí àjákù pọ̀ sí wò, tí yóò sì ka àbájáde rẹ̀ fún ará ìlú ní èdè tí wọ́n gbọ́? Ta ni yóò kó erùpẹ̀ olóró kúrò ní ibi tí ọmọdé ti ń ṣeré? Ta ni yóò fún ẹni tí ń sun wáyà ní iṣẹ́ tí kò ní pa á? Olùdíje tí ó bá ń sọ̀rọ̀ ọ̀nà àti afárá, tí kò sì lè sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ tí adìyẹ ìyá àgbà ń ṣa, kò tíì mọ ohun tí ó wà nínú àwo oúnjẹ àwọn tí ó fẹ́ ṣe olórí fún. Kí wọ́n jẹ́ kí ó mọ̀ kí ọjọ́ ìbò tó pé.